Wọn ò jẹ́ kí ọmọ Ìkòròdú ju bọ́ọ̀lù l'Amẹ́ríkà, ni dẹ́rẹ́bà àtijọ́ bá ní: 'Tọ́ọ̀nù ni, kì í ṣe ìkà!'

Díẹ̀ báyìí ló kù kí ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni bàbá kan tá a mọ̀ dáadáa ládùúgbò Sábó, n'Ìkòròdú, ránṣẹ́ pè wá pé ká wá bá òun gbọ́ ohun tí ọmọ òun ń sọ lórí fóònù. Ìlú Houston, ní Texas, l'Amẹ́ríkà, lọmọ náà ń gbé, ó ti lé lógún ọdún tó ti wà lọ́hùn-ún. Ohùn tá a gbọ́ kì í ṣe ohùn ẹni tínú ẹ̀ dùn.

"Bàámi, ẹ wo ohun tí wọ́n ń fojú mi rí! Ọmọ mi ló mọ bọ́ọ̀lù jù jù lọ nínú ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀la, Túsìdé, ni wọ́n máa ṣe ìdíje tó le jù, ni kóòṣì bá ní ọmọ mi ò ní í ju ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ní kí ló ṣe, ó ní ìgbà ẹ̀ ò tíì tó. Àbí nítorí pé a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni?"

Bàbá fara balẹ̀. Ó ní, "Ìgbà wo ló jù ú kẹ́yìn?"

"Sátidé ni, sà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló jù ú?"

"Wọ́n kà á, wọ́n ní ìgbà 70."

"Ọmọ ọdún 12! Sátidé sí Túsìdé, ọjọ́ méjì péré ni yóò fi sinmi láàárín. Tọ́ọ̀nù ẹ̀ ò tíì kàn, ọmọ mi. Tọ́ọ̀nù ni, kì í ṣe ìkà. Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì yẹn."

Ni fóònù bá dákẹ́. Àwa tá a jókòó síbẹ̀ ò mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já ni o, àbí ẹnì kan ló bínú pa á.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé bàbá yìí ò tíì wo eré tí wọ́n ń pè ní béèsìbọ́ọ̀lù yẹn tán lẹ́ẹ̀kan rí. Ọkọ̀ ló fi gbogbo ìgbà èwe ẹ̀ wà, láti Ìkòròdú, gba ọ̀nà Agbówá, kọjá afárá Ìtóìkín, títí dé Ẹ̀pẹ́ níbi táwọn ìyá ẹlẹ́ja ti ń dúró dè é. Ó ní ní gáréèjì àwọn nígbà náà, ọkọ̀ tó bá ti Ẹ̀pẹ́ dé gbọ́dọ̀ bọ́ sẹ́yìn ìlà ni. Bó o lówó, bó ò lówó, bí ọkọ̀ ẹ tuntun, bó gbó, tọ́ọ̀nù ni. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé nítorí kí gbogbo èèyàn lè jẹun nìkan ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá ní ìyẹn náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àsìkò tí ọkọ̀ bá ń dúró de tọ́ọ̀nù ni ẹ́ńjìnnì ń tutù, tí wọ́n ń bu omi sí rédíétọ̀, tí dẹ́rẹ́bà alára ń rí ẹ̀bà jẹ. Ọdún Iléyá kan wà, ó ní òun yọ́ kúrò lórí ìlà, òun ń sáré sọ̀ọ́lẹ̀ kiri, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ lòun ń lọ Ẹ̀pẹ́ tóun ń bọ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Owó ń wọlé bí omi. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì lórí afárá Ìtóìkín pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀, oṣù márùn-ún lòun sì fi jókòó sílé tóun ń wá owó tóun máa fi ra òmíì.

"Apá ọmọ ènìyàn náà, ẹ́ńjìnnì ni," bó ṣe wí nìyẹn, "ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á."

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé eré náà díẹ̀, torí a mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ̀pọ̀ wa mọ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹnì kan á dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, òun la fẹ́ẹ́ máa pè ní ajùbọ́ọ̀lù. Yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le gbagidi sápá ọ̀dọ̀ ẹni tó di igi mú lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínǹṣì 6 ló sì wà láàárín wọn. Bí onígi bá gbá a dáadáa, á sáré. Bí kò bá rí i gbá lẹ́ẹ̀mẹta, ó jáde nìyẹn. Abala mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe. Ọwọ́ ajùbọ́ọ̀lù ni gbogbo ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí apá ẹ̀ bá jí pépé lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fẹ́ẹ́ borí. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, wàhálà dé.

Ẹ má fi wé gólì o. Olóògbé Peter Rufai ló ṣọ́lé fún Nàìjíríà nínú gbogbo ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tá a gbá ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé l'Amẹ́ríkà ní 1994, kò sẹ́ni tó ní kó lọ sinmi. Gólì lè dúró fún ìdajì wákàtí láì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ajùbọ́ọ̀lù ní tiẹ̀ lè fi gbogbo agbára ẹ̀ jù ú nígbà 100 lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọn ló sì ń jù ú kọjá máìlì 95 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ wo ló máa sá bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ tí kò ní í bára ẹ̀ nínú igbó? Iṣan kékeré kan wà nínú ìgúnpá tó so egungun apá pọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ju bọ́ọ̀lù náà tipátipá ni iṣan yẹn ń nà. Bó bá rí ìsinmi, ara á tún un ṣe. Bí kò bá rí i, á máa já fọ́nrán fọ́nrán, bí okùn àwọ̀n tí apẹja ò tún ṣe, títí tó fi máa já pátápátá lọ́jọ́ tí wọ́n nílò ẹ̀ jù.

Ẹgbẹ́ ńlá kan l'Amẹ́ríkà máa ń ṣe ìdíje 162 lọ́dún, láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹ gbọ́ o, 162! Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tá à ń tìtorí ẹ̀ jà ní ilé ọtí, 38 péré ni. Ó fẹ́ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jáde, ibẹ̀ ni tọ́ọ̀nù ti wọlé. Ajùbọ́ọ̀lù márùn-ún ni wọ́n máa ń tò sílẹ̀ tí wọ́n á máa bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ẹni àkọ́kọ́ lónìí, ẹnì kejì lọ́la, títí dé orí ẹnì karùn-ún, kó tó padà kan ẹni àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ṣeré lójoojúmọ́, ẹni tó jù ú lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Sátidé ló tún máa kàn án. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi sinmi.

Àwa Yorùbá ò gbọdọ̀ sọ pé ohun àjèjì nìyí. Ẹ wo ọjà ọrún. Ọjà tí wọ́n bá ná lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Furaidé ni wọ́n tún máa ná an, torí a máa ń ka ọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́jà fi ń sinmi láàárín. Ohun táwọn Amẹ́ríkà ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn gẹ́lẹ́: ajùbọ́ọ̀lù mẹ́rin, ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970 ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnì karùn-ún kún un. Àwọn ará Japan tún le ju ìyẹn lọ. Ẹni mẹ́fà ni wọ́n ń tò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í sábà ṣeré lọ́jọ́ Mọ́ńdè rárá.

Wọn ò ṣàdédé fi kún un. Ojú wọn ti rí nǹkan. Ní 1884, ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ ìlú Providence, Charles Radbourn lorúkọ ẹ̀. Ajùbọ́ọ̀lù kejì tí wọ́n jọ ń pín iṣẹ́ bá ẹgbẹ́ jà, ó bá tiẹ̀ lọ, ni Radbourn bá ní kí wọ́n fowó kún owó òun, òun á dá a ṣe. Ìdíje 73 ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, gbogbo ẹ̀ ló sì jù parí. Nǹkan bí 60 ló ti borí nínú ẹ̀, ẹgbẹ́ ẹ̀ gba ife. Ṣùgbọ́n wọ́n ní nígbà tó yá, bó bá jí láàárọ̀, kò lè gbé apá yẹn sókè débi tó fi máa ya irun orí ẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni ti Sandy Koufax, ọlọ́wọ́ òsì, ọmọ ẹgbẹ́ Dodgers. Ní 1965, ọjọ́ méjì péré ló fi sinmi tí wọ́n fi gbé e jáde fún ìdíje àṣekágbá, ó sì borí. Ní 1966, ó borí nígbà 27, kò sẹ́ni tí apá ẹ̀ ká a lọ́dún náà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ó pe àwọn oníròyìn, ó ní ó parí. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni! Làkúrègbé ti wọ ìgúnpá ẹ̀. Ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà Ìkòròdú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ọkọ̀ tara wọn ni tirẹ̀ tán yẹn.

Iṣẹ́ abẹ ti wà báyìí ṣá. Ní 1974, iṣan ìgúnpá tá a sọ lẹ́ẹ̀kan já lápá òsì ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tommy John. Dókítà Frank Jobe yọ iṣan kan lápá ọ̀tún ẹ̀, ó fi pààrọ̀ èyí tó já. Gbogbo ọdún 1975 ló fi jókòó, ó padà ní 1976, ó sì tún borí nígbà 164 kó tó fẹ̀yìn tì ní 1989. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà dòní. Àmọ́ ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn òbí kan l'Amẹ́ríkà ti gbà pé abẹ yẹn ń mú apá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ọmọ iléèwé náà ti wá ń tò síwájú dókítà. Irọ́ gbuu ni. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú palẹ̀ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹ bi mẹkáníìkì èyíkéyìí n'Ìkòròdú.

Báwo ló wá ṣe yẹ kí kóòṣì tò ó? Tó bá jẹ́ àwa ni wọ́n bi, a ò ní í tò ó bí ẹni ń to ọmọ kíláàsì, láti ẹni tó mọ̀wé jù dé olódo. Lóòótọ́, ẹni tó dáa jù ló yẹ kó ṣíwájú, kí tọ́ọ̀nù ẹ̀ lè yí po lemọ́lemọ́ láàárín ọdún. Lẹ́yìn ẹ̀, ká fi ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ yàtọ̀ sí tiẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ agbára, kí tẹnì kejì jẹ́ ọgbọ́n. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń lo ọ̀tún, kí alósì tẹ̀ lé e. Àwọn onígi tí ojú wọn ti mọ́ra fún bọ́ọ̀lù tó ń sáré bí iná lánàá, bí wọ́n bá rí èyí tó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó ń wọ́ bí ejò lónìí, wọ́n á ti fi igi gbá afẹ́fẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé.

Ibi tó máa ń dìjà ni ọjọ́ tí kò bá sí ìdíje. Kóòṣì tó ń kánjú á fo ẹnì karùn-ún, á tètè dá ẹni àkọ́kọ́ padà. Àwọn alátìlẹ́yìn á pàtẹ́wọ́. Lójú tiwa, ìwà sọ̀ọ́lẹ̀ nìyẹn. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ọjọ́ ìsinmi yẹn kan gbogbo wọn, kí tọ́ọ̀nù má yẹ̀. Kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ nìkan là ń ṣàánú. Ẹnì karùn-ún tó bá lọ tó ọjọ́ mẹ́wàá láì jù ú, ọwọ́ ẹ̀ á ti ta kókó, bí ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ títí tí bátìrì ẹ̀ fi kú. Bọ́jọ́ bá wá dé tẹ́nì kan ṣèṣe, tí wọ́n ní kó bọ́ síwájú, kí ló fẹ́ẹ́ fi ṣe é?

Àwọn kan ti ní kí wọ́n tiẹ̀ da ìlà náà rú. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé bí onígi bá ti rí ajùbọ́ọ̀lù kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, ìgbà kẹta ló sábà máa ń mú un jẹ. Ní ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, 2018, ẹgbẹ́ Tampa Bay Rays mú Sergio Romo, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ adelé, ìyẹn àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni tó ti rẹ̀, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Abala kan ṣoṣo ló ṣe, ó lé onígi mẹ́ta jáde, ó lọ jókòó. Ọjọ́ kejì, wọ́n tún ní kó wá bẹ̀rẹ̀! Àwọn àgbà eré náà pariwo pé ayé ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, wọn ò pa tọ́ọ̀nù. Wọ́n kàn gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́ kó má baà pa ẹnì kan ni. Ẹgbẹ́ tí kò lówó láti ra ajùbọ́ọ̀lù gidi márùn-ún lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọ wá lóminú níbẹ̀ ni pé àwọn adelé náà lápá, àwọn náà ò gbọdọ̀ di kòṣeémáàní tí wọ́n ń pè lójoojúmọ́.

A ò ní í purọ́ fún yín pé ìsinmi ń ṣe iṣẹ́ ìyanu. Stephen Strasburg ti ẹgbẹ́ Washington Nationals ti ṣe abẹ ìgúnpá ní 2010. Ní 2012, ẹgbẹ́ náà ń ṣe dáadáa gan-an, ni àwọn ọ̀gá bá ní kó lọ jókòó nígbà tí oṣù kẹsàn-án wọlé, pé iṣẹ́ tó ti ṣe lọ́dún náà tó. Wọ́n bú wọn bí ẹní láyin. Wọn ò sì gba ife lọ́dún yẹn lóòótọ́. Ní 2019, Strasburg yẹn kan náà ló gbé ife fún wọn, òun ni wọ́n pè ní akọni àṣekágbá. Ẹ ò rí i pé ó sanwó? Wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé mílíọ̀nù dọ́là 245 fún un, ọdún méje. Ìdíje mẹ́jọ péré ló lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí ara tó kọ̀ jálẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ bá wa jiyàn á dárúkọ Yoshinobu Yamamoto. Ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 2025, ọmọ Japan yìí ju bọ́ọ̀lù nígbà 96 fún Dodgers nínú ìdíje kẹfà àṣekágbá. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, wọ́n tún gbé e wọlé, ó tún jù ú nígbà 34, wọ́n gba ife mọ́ àwọn ará Toronto lọ́wọ́, òun náà sì ni wọ́n fi ṣe akọni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdíje tó gbẹ̀yìn ọdún ni. Kò sí bọ́ọ̀lù kankan mọ́ títí ọdún fi yí po. Ìyẹn nìkan ni ọjọ́ tí àwa gbà pé kí ọkọ̀ fo ìlà. Ẹni ọdún 27 tí owó ń wọlé fún ni pẹ̀lú, ó mọ ohun tó ń fi ara ẹ̀ ṣe. Ọmọ ọdún 12 ò mọ̀ ọ́n.

Fún ìdí èyí ni líìgì àwọn àgbà àti àjọ béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fi gbé ìlànà kan jáde ní 2014. Ọmọ ọdún 11 sí 12 ò gbọdọ̀ jù ú kọjá ìgbà 85 lóòjọ́. Ọmọ ọdún 13 sí 16, ìgbà 95. Ọmọ ọdún 17 sí 18, ìgbà 105. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tó bá jù ú tó ìgbà 66 lọ sókè, ọjọ́ mẹ́rin ni kó fi sinmi. Láti 51 sí 65, ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Ìkòròdú ò ka ìwé ìlànà kankan o, òun àti kóòṣì yẹn ṣáà dé ibì kan náà.

Ẹ má sọ pé kí ló kàn wá. Wọ́n ti ṣe eré yìí l'Abuja níbí nígbà Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní 2003, South Africa ló gba góòlù. Ọmọ South Africa náà, Gift Ngoepe, ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà dé líìgì ńlá Amẹ́ríkà, ní 2017; Tayler Scott, ajùbọ́ọ̀lù, tẹ̀ lé e ní 2019. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ti kékeré ń ju àwọ̀n sódò, ta ló mọ ohun tó wà lápá wọn? Ọjọ́ tí ẹnì kan bá wá wò wọ́n, àwọn bàbá tó máa fẹ́ kọ́mọ jù ú láàárọ̀, kó jù ú lọ́sàn-án, kó jù ú lálẹ́ kí òyìnbó lè rí i, ó dá wa lójú pé wọn ò ní í wọ́n.

Ní ti àwọn ará Houston, wọ́n ṣe ìdíje Túsìdé yẹn láìsí ọmọ wa, wọ́n sì fìdí rẹmi. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá ọmọ ò fi pe Ìkòròdú. Nígbà tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́hùn-ún, aago méjìlá òru níbí, ló pè, ó gbé fóònù sókè kí bàbá lè máa wò ó. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ là ń lò. Bàbá da páálí ìṣáná méjì sórí tábìlì, bí ọmọ bá ti ju bọ́ọ̀lù kan, á fa igi ìṣáná kan sápá ọ̀tún. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n jù, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ìṣáná di 20, ó di 40, ó di 60. Nígbà tó pé 64 ni kóòṣì rìn lọ bá a lórí òkìtì, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàámi, ẹ rí i bí? Ẹ rí ìkà yìí bí? Kò tíì rẹ ọmọ yẹn o!"

"Ó fún un láyè láti tètè padà ni," Bàbá dá a lóhùn. "Ọjọ́ mélòó ló máa fi sinmi báyìí?"

Ọmọ rò ó díẹ̀. "Mẹ́ta."

"Bó bá jù ú méjì sí i ńkọ́?"

"Mẹ́rin, sà."

"Ìgbà wo lẹ tún ní ìdíje?"

A ò gbọ́ ohùn kankan lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀, àfi ariwo àwọn èrò pápá.

"Wẹ́sìdé ni, sà."

Bàbá ò fèsì. Ó ń kó ìṣáná padà sínú páálí.